Ọdẹ́bùnmi àti Ọmọ Ẹṣin Aláwọ̀ Eérú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́yìn yẹn, ẹ wọ abẹ́ igi wá, àyè pọ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lóko kí ó tètè máa lọ, nítorí bí mo bá ti la ẹnu, n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́gbèmí, èmi tí mo fi ọwọ́ òsì nìkan ti ẹfọ̀n kúrò lójú ọ̀nà oko mi, èmi tí iwin olójú kan rí tó yára sọ pé òun ti jẹun tẹ́lẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ ti ara mi, ẹ ó jókòó síbí títí àgbàdo tí ẹ gbìn yóò fi gbó. Ṣùgbọ́n n kò sọ ti ara mi lónìí. Obìnrin kan wà tó ṣe ohun tí èmi kò lè ṣe, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ, nígbà tí òun ti darúgbó tí èmi ṣì jẹ́ géńdé. Kò fi í yangàn. Bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn òkú ilé rẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni màá gbìyànjú láti sọ ọ́.

Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdẹ láti ilé bàbá àti láti ilé ìyá. Ìlú Àpáta-Ọ̀dàn ló ń gbé, níbi tí ẹṣin ti pọ̀ ju ewúrẹ́ lọ nígbà náà. Láníhùn ọkọ rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ọba. Ọba tó wà lórí ìtẹ́ ni Adérọ̀gbà, jagunjagun paraku, ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de nǹkan. Bí wọ́n bá mú ọmọ ẹṣin wálé láàárọ̀, ó fẹ́ kí wọ́n ti máa gùn ún lọ́sàn-án. Wọ́n á so ó mọ́ òpó, wọ́n á nà án títí yóò fi máa gbọ̀n, wọ́n á ti irin ìjánu bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnìkan á sì fò lé e lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń pè ní kíkọ́ ẹṣin nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan wọ́n mú ọmọ ẹṣin dúdú kan wá. Láníhùn wò ó yíká, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ̀rù ṣì ń ba eléyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i."

Ọba ní, "Gùn ún nísinsìnyí."

Láníhùn gùn ún. Ẹṣin náà gbé e sọ lu ògiri ààfin, ó ṣubú, ó sì yí gbirigbiri lé e lórí. Oòrùn ọjọ́ náà kò tíì wọ̀ tí Láníhùn fi kú, orí itan ìyàwó rẹ̀ ló kú sí.

Láti ìgbà náà, Ọdẹ́bùnmi kò dé ẹnu ọ̀nà ààfin mọ́. Ó padà sí iṣẹ́ ọdẹ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Bí ó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà tó gbọ́ ìró pátákò ẹṣin, inú igbó ló ń yà sí títí ìró náà yóò fi kọjá. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹṣin o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kì í gbà fún un láti dúró.

Ọdún ń gorí ọdún, àìsàn wá dá Adérọ̀gbà dúbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, egungun rẹ̀ gbẹ, débi pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan apá rẹ̀ lásán, yóò ké. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: ó fẹ́ lọ sí Òkè-Ayàn, abúlé ìyá rẹ̀, kí ó lè sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n sin ìyá náà sí. Ọ̀nà Òkè-Ayàn sì jẹ́ ọ̀nà tóóró lára àpáta, ènìyàn méjì kò lè rìn ín ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn tí yóò gbé ọba lórí àga. Wọ́n gbìyànjú láti pọ̀n ọ́n, igbe tó ké mú kí àwọn olorì bú sẹ́kún. Ẹṣin nìkan ló lè gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹṣin kan ní gbogbo Àpáta-Ọ̀dàn tó máa gbóòórùn ọba tí kò ní máa ta ìpá, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àpá ẹgba ọba kò sí lára rẹ̀.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Ọdẹ́bùnmi. Kò lọ. Wọ́n tún ránṣẹ́, ó lọ, pẹ̀lú aṣọ ọdẹ lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde.

"Kábíyèsí, ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Ọba la ojú. "Ìwọ ni aya Láníhùn."

"Èmi ni opó rẹ̀."

Ọba mí kanlẹ̀, ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀dàn kan wà lẹ́yìn igbó àwọn iwin, tí ẹṣin ibẹ̀ kò tíì rí ẹgba rí. Wọ́n ní kò sí ọdẹ tó lè dé ibẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ìwọ. Lọ bá mi mú ọ̀kan wá. Mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi."

Ọdẹ́bùnmi ti mú ìdáhùn rẹ̀ láti ilé wá, "Rárá" sì ni. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọba fi parí yẹn gún un láyà, nítorí Láníhùn náà ń pe ìyá tirẹ̀ lórí itan ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, ìyá tó ti kú kí tọkọtaya náà tó mọ ara wọn. Ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ọba tó wú.

"Màá lọ. Kì í ṣe nítorí yín o, Kábíyèsí. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó mú ìbọn rẹ̀, ó mú okùn kan tí ó fi owú hun fúnra rẹ̀, tó rọ̀ bí ọ̀já ọmọ, ó di ọkà bàbà sínú àpò, ó wọ igbó lọ.

N kò ní fi bí ó ṣe rìn dà yín láàmú. Ó rìn títí ó fi dé ibi tí ojú ọ̀nà parí sí, iwin kan ló sì jókòó síbi tó parí sí náà. Láti àyà sókè, ènìyàn ni. Láti àyà sílẹ̀, òkìtì ọ̀gán ni. Ikán ń gba ihò imú rẹ̀ ọ̀tún wọlé, wọ́n ń gba ti òsì jáde, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu.

"Kí lo gbé dání?" ni iwin náà bi í.

"Okùn."

"Ta lo fẹ́ fi dè?"

"N kò fẹ́ fi de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ fi mú ẹnìkan wálé ni."

Iwin náà rẹ́rìn-ín, erùpẹ̀ dà jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bí gbogbo wọn ṣe ń wí nìyẹn. Wo egungun wọn lẹ́yìn mi. Jókòó. Bí àwọn ọmọ mi bá lè mọlé dé orúnkún rẹ tí o kò sì gbọn ọ̀kan nù, mo mọ̀ pé o lè dé ibi tí ò ń lọ."

Ọdẹ́bùnmi jókòó. Àwọn ikán bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń gbé erùpẹ̀ tútù lé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń yún un, ó ń ta á, àwọn kan ń wá ọ̀nà gba abẹ́ èékánná rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti lúgọ de ẹkùn títí ewé fi hù lára fìlà mi, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ká sọ pé èmi ni mo jókòó síbẹ̀ yẹn, màá ti fò sókè, màá sì ti wà láàárín àwọn egungun yẹn títí dòní. Obìnrin yìí kò mira. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ewé kan tó ń mì lórí igi. Nígbà tí erùpẹ̀ náà kan orúnkún rẹ̀, iwin náà fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ fọ́ ọ kúrò. Ó ní, "Kọjá. Tọ́jú ìbọn rẹ sọ́dọ̀ mi. Níbi tí ò ń lọ, wọ́n máa ń gbóòórùn rẹ̀."

Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó kọjá.

Bí ó ṣe jáde nínú igbó, ọ̀dàn ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, koríko rẹ̀ ga dé àyà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ bí omi. Ẹṣin ló kún ibẹ̀, pupa, dúdú, funfun, alámì tóótòòtó. Obìnrin arúgbó kan dúró láàárín wọn. Koríko ni irun orí rẹ̀, ó gùn dé ilẹ̀, àwọn lékèélékèé sì bà lé e ní èjìká. Ìyá Ọ̀dàn nìyẹn, ẹni tó ni wọ́n.

"Ọmọ mi, o káàbọ̀," ni ìyá náà wí. "Mo mọ ohun tí o bá wá. Kọ́kọ́ já àlọ́ kan fún mi. Kí ni ohun tí ẹni tó ń lé e kì í bá, tí ẹni tó kẹ̀yìn sí i á sì bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀?"

"Òjìji ni, ìyá."

"Òjìji ni àwọn ọmọdé máa ń dáhùn. Lọ wá ìdáhùn tèmi láàárín wọn."

Ọdẹ́bùnmi wọ àárín koríko. Bí ó ṣe ń sún mọ́ àwọn ẹṣin náà ni wọ́n ń sún sẹ́yìn. Ó sáré, wọ́n sáré. Ó yọ́ rìn bí ọdẹ, wọ́n ti mọ̀. Ó fi ọkà pè wọ́n, wọ́n wò ó láti òkèèrè. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ó jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọkà bàbà náà fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òun ń dúró de ohunkóhun nígbà tí èémí gbígbóná kan fẹ́ sí i lọ́rùn.

Ọmọ ẹṣin kan ni, aláwọ̀ eérú, gọ̀gọ̀ rẹ̀ kò tíì gùn. Ara Ọdẹ́bùnmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ògiri ààfin padà wá sí ojú rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìró ara ọkọ rẹ̀ lára ògiri náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yíjú díẹ̀, ó rí i pé ọmọ ẹṣin náà ń gbọ̀n láti etí dé ìrù. Àwọn méjèèjì wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ń ba kálukú, kò sì sí ẹni tó lọ.

"O ti rí i?" Ìyá Ọ̀dàn bi í láti ẹ̀yìn.

"Mo ti rí i, ìyá. Eléyìí ni."

"Ìdáhùn rẹ pé. Òun ló wá ọ. Máa pè é ní Eléérú, kí o sì jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ hàn ọ́."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí gàárì níbẹ̀, kò sí irin ẹnu, kò sí ẹni tó gun ẹnikẹ́ni. Ìyá Ọ̀dàn á ní, "Má kọjú sí i gbàgà bí ẹkùn. Fi ẹ̀gbẹ́ rẹ sí i." Ọdẹ́bùnmi á yí ara rẹ̀. Ìyá á ní, "Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kí o mú un kúrò kí òun tó bẹ̀ ọ́ pé kí o mú un kúrò." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe láti ọrùn dé èjìká, láti èjìká dé ẹ̀yìn, dé ikùn, dé itan, títí Eléérú fi gbà kí ó gbé ẹsẹ̀ òun sókè, kí ó sì fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ abẹ́ pátákò rẹ̀.

Nígbà tó kan okùn, Ọdẹ́bùnmi fi í sí i lórí, ó fà á. Eléérú na ọrùn, ó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fà á sí i, ẹṣin náà fà á padà.

"Ìwọ àti òun, ta ló lágbára jù?" ni ìyá bi í.

"Òun ni."

"Kí ló dé tí ò ń bá a jìjàkadì? Fà á díẹ̀, bí ẹni fa aṣọ ìyá rẹ̀. Kí o dúró. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré sí ọ̀dọ̀ rẹ, dẹ okùn náà lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí o bá dẹ̀ ẹ́ ni yóò gbọ́ ohun tí o sọ."

Ọdẹ́bùnmi fà á díẹ̀, ó dúró. Eléérú wò ó. Ó rọ ọrùn sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ọdẹ́bùnmi dẹ okùn. Ẹṣin náà dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹnu lásán bí ẹni tó ń ro nǹkan. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá rìn, ẹṣin á rìn. Bí ó bá dúró, á dúró. Bí ó bá mí síta tó sún sẹ́yìn, Eléérú náà á sún sẹ́yìn, okùn náà á sì wà láàárín wọn ní dídẹ̀.

Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó jẹ́ kí ẹṣin náà gbóòórùn rẹ̀, ó rọra gbé e lé e lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ gbé etí aṣọ náà, Eléérú fò sókè, ó sá lọ dé ìpẹ̀kun ọ̀dàn. Ọdẹ́bùnmi kò bú u. Ó padà lọ jókòó, ó kẹ̀yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èémí àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó lè ju aṣọ náà lé e láti ibi tó bá wù ú. Lẹ́yìn aṣọ, ó gbé àpò yanrìn lé e. Lẹ́yìn yanrìn, ó fi àyà ara rẹ̀ gbara lé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, orí rẹ̀ wà lápá kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lápá kejì bí aṣọ tí wọ́n sá. Eléérú dúró jẹ́ẹ́.

"Ó yá, gùn ún," ni Ìyá Ọ̀dàn wí.

Ọdẹ́bùnmi rọra sọ̀kalẹ̀. "N kò lè gùn ún, ìyá."

"Ṣé ẹṣin ni kò tíì gbà ni, àbí ìwọ?"

Ìyá náà fi ọwọ́ pa á lórí, kò bi í mọ́. Ó ní, "Máa mú un lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹgba bá kan ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, èéfín ni yóò dà lójú rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ gùn ún, kí ó kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, títí òun yóò fi fi imú kàn án."

Igbó tí ó gbà lọ kọ́ ló gbà padà, ìbọn rẹ̀ sì ṣẹ́kù sọ́dọ̀ iwin. Ìlú kan ló já sí, ìlú àwọn oníwàdùwàdù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kò rí irú wọn rí! Iṣu tí wọ́n gbìn láàárọ̀ ni wọ́n ń wú lọ́sàn-án, tútù ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni wọ́n ń bi léèrè pé ìgbà wo ni yóò gbé ìyàwó. Ẹṣin wọn wà nílẹ̀ káàkiri, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ bí igbá, ojú wọn kú. Bí wọ́n ṣe rí Ọdẹ́bùnmi tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, wọ́n pariwo.

"Gùn ún! Kí lò ń dúró dè? Gùn ún!"

Wọ́n yí i ká. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan gbá a mú níbàdí, ó fẹ́ gbé e jù sókè lé ẹṣin. Eléérú ká etí sẹ́yìn, ojú rẹ̀ funfun, ó fẹ́ sá. Ọdẹ́bùnmi já ara rẹ̀ gbà. Kò sáré, kò pariwo. Ó rọ èjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó mí jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹṣin náà rìn yípo láàárín wọn. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó sún un sẹ́yìn, ó dúró. Ó fi ọwọ́ pa ọrùn rẹ̀, ó tún rìn. Àwọn ènìyàn náà ń wò ó, ara ń ta wọ́n. Ẹnìkan ní, "Ìgbà wo ni yóò parí?" Kò dá a lóhùn. Ẹni yẹn yí padà, ó sáré lọ. Òmíràn tẹ̀lé e. Kò sí nǹkan tí wọn kò lè fara dà bí kí wọ́n máa wo ohun tí kò yára. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi túká, òun àti Eléérú sì rìn jáde ní ẹnu odi, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn wò wọ́n.

Lẹ́yìn ìlú náà ni odò wà, iwin tó ń ṣọ́ odò náà sì burú ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Pàṣán ló hù lára rẹ̀ níbi tí ó yẹ kí irun hù sí, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo wọn ń jó bí ejò.

Ó ní, "Na ẹṣin yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ kọjá."

"N kò lè nà án."

"Ẹnikẹ́ni kì í gba ibí kọjá láìjẹ́ pé pàṣán ró."

Ọdẹ́bùnmi wo odò. Ó jìn, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó yí padà sí Eléérú, ó fi okùn rẹ̀ lé apá, ó dẹ̀ ẹ́. Ó wá ká aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

"Bí pàṣán bá gbọ́dọ̀ ró, ẹ̀yìn mi nìyí."

Iwin náà nà án. Bí pàṣán àkọ́kọ́ ṣe ró, Eléérú, tí kò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí, gbọ̀n rìrì, ó na ọrùn sókè. Ọdẹ́bùnmi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀dàn, ohùn ìsàlẹ̀, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ sùn. Iwin ń nà án, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó ń sọ̀rọ̀. Okùn náà kò le, ọwọ́ rẹ̀ kò fún un. Ẹṣin náà tẹ́ etí sí i, ó rọ orí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí imú rẹ̀ fi kan itan obìnrin náà.

Iwin dáwọ́ dúró. "Kí ló dé tí o kò ké?"

"Bí mo bá ké, ẹ̀rù á bà á."

Iwin náà jókòó sí etí odò bí ẹni tí wọ́n gbá ní ẹsẹ̀. Àwọn pàṣán ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sínú omi, wọ́n ń ṣàn lọ, ara rẹ̀ sì wá dán bí ti ọmọ tuntun. Ọdẹ́bùnmi wọ odò, Eléérú wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e, wọ́n la á já.

Nígbà tí wọ́n dé Àpáta-Ọ̀dàn, gbogbo ìlú tú jáde. Wọ́n ti gbé ọba wá sí àgbàlá lórí ẹní. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ ààfin gbé gàárì, irin ẹnu àti pàṣán ọba wá, bí wọ́n ti ń ṣe é látijọ́. Ọdẹ́bùnmi ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ padà, kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n wo ojú ọba. Ọba mi orí pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé e padà.

"Kábíyèsí, ẹ ní láti dìde. Ẹ máa dúró níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ òfo."

"Títí di ìgbà wo?"

"N kò mọ̀. Òun ló mọ̀."

Àwọn ìgbìmọ̀ ọba kùn. Ta ló ń bá ọba sọ̀rọ̀ báyìí? Ṣùgbọ́n Adérọ̀gbà na ọwọ́, wọ́n gbé e dìde. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ti ń dúró dè láti ìgbà èwe rẹ̀ wá dúró lórí ẹsẹ̀ tó wú, níwájú ọmọ ẹṣin kan, lójú gbogbo ènìyàn. Eléérú gbóòórùn rẹ̀ láti òkèèrè, ó fọn imú, ó sún sẹ́yìn. Òógùn bo ọba lójú.

"Ó ti pẹ́," ló wí.

"Ẹ dúró, Kábíyèsí. Ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹ mí."

Ọba mí. Òjìji àwọn ilé rìn kúrò lápá kan àgbàlá, ó dé apá kejì, kò sí ẹni tó wúkọ́. Nígbà tó yá, ohun kan tú nínú ọkùnrin náà. Èjìká rẹ̀ tí kò rọ̀ rí rọ̀ sílẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Eléérú dẹ́kun fífọn imú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó gbé òmíràn. Ó na ọrùn, ó fi imú kan ọba láyà.

Ọba kò fọwọ́ kàn án. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ọjọ́ mélòó ni ọkọ rẹ bẹ̀ mí fún?"

"Ọjọ́ díẹ̀, Kábíyèsí."

Ọba na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n wá gbé òun.

Wọ́n ṣẹ́ aṣọ ní ìṣẹ́po lé ẹ̀yìn Eléérú, wọ́n gbé ọba lé e, Ọdẹ́bùnmi sì mú okùn, ó ṣíwájú. Lára àpáta, òkúta ń yẹ̀ lábẹ́ pátákò, ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n níbi tí Ọdẹ́bùnmi bá fi ẹsẹ̀ sí ni Eléérú ń fi ẹsẹ̀ sí, bí ó bá dúró wo ọ̀nà, ẹṣin náà á dúró wò ó. Ọba kò ké lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó rí òrùlé Òkè-Ayàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn igi ibẹ̀ bí ẹni ń kí ará ilé. Àwọn ìyá àgbà jáde wá, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì ìyá rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó yí ojú sí ibojì náà. Kí wọ́n tó bu omi fún un dé, ó ti sùn, kò sì jí mọ́. Ọdẹ́bùnmi bá wọn sunkún. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò mọ ẹni tí òun ń sunkún fún gan-an.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n, òun àti Eléérú nìkan. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ tán lórí àpáta tí ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀yìn tí iwin nà ń dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Eléérú yà sí ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, ó fi ìhà sí i, ó dúró.

Ọdẹ́bùnmi fa okùn díẹ̀, ó dúró dè é. Ẹṣin náà kò gbé ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, kò tíì kọ̀ fún un báyìí rí. Ó tún fà á díẹ̀. Eléérú yí ojú kan sí i, ó ń jẹ ẹnu lásán.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko. Ọdẹ́bùnmi gun òkúta, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹṣin, ó mú un kúrò, ó tún gbé e lé e. Ó fi àyà gbara lé e bí ó ti máa ń ṣe, ó wà bẹ́ẹ̀ pẹ́, ó ń tẹ́tí sí bí ikùn ẹṣin náà ṣe ń wú tó ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó wá gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó jókòó.

Eléérú kò mira. Òun náà kò mira. Ìgbà tí ó wá mí jáde, èémí náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé ó ti wà nínú òun láti ọjọ́ ògiri ààfin. Ó di gọ̀gọ̀ ẹṣin náà mú pẹ̀lú ìka díẹ̀, ó sì sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó yá." Eléérú gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ibi tí obìnrin náà máa ń dákẹ́ sí nìyẹn, èmi náà kò ní ohun tí màá fi kún un. Ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín. Kí ẹsẹ̀ yín bá yín délé ní jẹ́jẹ́.